Èsì: Ṣé mínísítà lè bá ìjọba òkèèrè ṣèpàdé ká má mọ̀?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé ó bófin mu kí mínísítà bá ìjọba orílẹ̀-èdè míì jókòó kí aráàlú má gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀tọ̀ ni pé wọ́n ṣèpàdé, ọ̀tọ̀ lohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ o. Ẹ wo ti ìlú Ọba, Priti Patel tó jẹ́ mínísítà níbẹ̀ nígbà yẹn lọ holidé sí Ísírẹ́lì ní August 2017, ló bá ń ti ọ̀dọ̀ olóṣèlú kan bọ́ sí òmíì, ó rí Netanyahu tó jẹ́ olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà yẹn pàápàá, kò sì sọ fún Foreign Office, iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kó tó lọ. Nígbà tọ́rọ̀ bẹ́ síta ní November, Kẹ́ńyà ni wọ́n ti pè é padà, àwọn èèyàn ń tọpa bàálù ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì (ayé mà ti là o!), alẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ìlànà tí wọ́n fún àwọn mínísítà wọn ni pé tọ́rọ̀ ìjọba bá ti wọ̀ ọ́, kí òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà níjòókòó, kí wọ́n sì máa gbé orúkọ àwọn ará ìta tí mínísítà bá pàdé jáde fáráàlú. Àmọ́ ìlà kan péré lẹ máa rí, ọjọ́, orúkọ, ohun tí ìpàdé dá lé, ó parí. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n fún yín ní àkọsílẹ̀ ẹ̀ gan-an, òfin Freedom of Information ti 2000 (èyí tó jẹ́ kí aráàlú lè béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba), abala 27, gbà wọ́n láyè láti fi pamọ́ tó bá máa ba àjọṣe àwọn àtìjọba yẹn jẹ́. Ìyẹn ò bí mi nínú, ẹni tó ń nájà kì í ṣí àpò han ọlọ́jà, orúkọ àti ọjọ́ tí wọ́n bá fi pamọ́ ni mi ò lè gbà.