Ápù wa gbọ́ Yorùbá nílé, ó dé ọjà kò gbọ́ mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ ṣe ápù kan ní Ẹ̀pẹ́ níbí, èèyàn á kàn sọ̀rọ̀ sínú fóònù pé "Ìyá Risi ra ẹja láwìn," òun á sì kọ gbèsè yẹn sílẹ̀. Nílé, kò sóhun tá a sọ tí kò gbọ́. Ìgbà tá a gbé e dé ọjà Olúwo, ìyá ẹlẹ́ja kan sọ pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà, ápù kọ 1,600, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Báwo la ṣe máa tà á báyìí?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀rín ọjà ò ní pa yín. Ohùn ta lẹ fi kọ́ ẹ níṣẹ́? Tó bá jẹ́ ohùn ẹ̀yin méjèèjì nínú yàrá tó dákẹ́ ni, kò tíì gbọ́ jẹnẹrétọ̀ rí nìyẹn, kò gbọ́ àwọn tó ń já ẹja látinú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pariwo.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn gan-an ló dùn mọ́ mi. Ẹgbẹ̀jọ ni igba lọ́nà mẹ́jọ, 1,600, ẹ yọ 100 níbẹ̀ ló di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, 1,500, ápù yín gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀ kò gbọ́ orí ẹ̀. Ìyá tó jókòó tì í á tún ní "wọ̀n fáìfù," owó kan náà ni. Tí ẹnì kan bá wá ní òun gba igbá kan, tí ápù ṣi ohùn gbọ́, igba náírà ló máa kọ, ìjà dé nìyẹn.

Torí náà kó máa tún iye owó pè fún wọn kó tó kọ ọ́. Ní 1966, Joseph Weizenbaum ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ ELIZA, ọ̀rọ̀ téèyàn tẹ̀ sí i ló kàn ń yí po tó fi ń bi í ní ìbéèrè padà, síbẹ̀ àwọn kan gbà pé ó yé e. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba tiyín gbọ́ báyẹn, gbèsè ni o.

Ẹ má polówó ẹ̀ pé ó gbọ́ Yorùbá jàre, ta ni ò gbọ́ Yorùbá ní Olúwo? Ẹ ní ó ń bá wọn rántí ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Ẹ fún ẹnì kan lò lọ́fẹ̀ẹ́ fóṣù kan, tó bá gba gbèsè tó ti gbàgbé, òun fúnra ẹ̀ á polówó ẹ̀ fún yín, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa gba owó táṣẹ́rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bíi alájọ. Ìyá tó ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kẹ́ ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, níbẹ̀ níwájú ẹja.