Ṣé òfin ló ní kí ìkànnì ṣeé lò fún àwọn tó ní ìpèníjà ara, àbí àánú lásán ni?
Òfin ni o, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní Amẹ́ríkà, òfin ADA ti 1990, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara, kò dárúkọ ìkànnì rárá (íntánẹ́ẹ̀tì ò tíì gbòde nígbà náà), àmọ́ wọ́n ń fi dá ẹjọ́ ìkànnì. Ẹnì kan tí kò ríran pe Domino's, ilé iṣẹ́ tó ń ta písà, lẹ́jọ́ pé òun ò lè ra písà lórí ìkànnì wọn. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní òfin náà kan ìkànnì wọn. Ẹ wò ó: bọ́tìnnì tí wọn kò fún lórúkọ nínú kóòdù, "bọ́tìnnì" lásán ni ẹ̀rọ tó ń kàwé síni létí máa pè é. Ta ló máa mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ń sanwó? Ní Yúróòpù, láti 28 Oṣù Kẹfà 2025, irú òfin bẹ́ẹ̀ ti kan ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú.