Re: Ṣé mo máa yọ -ar kúrò kí n tó fi -ía sí i?

Rárá o ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ "ǹ bá ṣe é" lédè Sípéènì, ẹ má yọ nǹkan kan lára ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà yín ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi hablar (sọ̀rọ̀), comer (jẹun), vivir (gbé) sílẹ̀ lódindi kẹ́ ẹ wá lẹ -ía mọ́ ọn nídìí: hablaría, comería, viviría, bákan náà ni gbogbo wọn. Tẹ́ ẹ bá yọ -er, comía lẹ máa kọ, ìyẹn "mo máa ń jẹun tẹ́lẹ̀", nígbà tó jẹ́ pé "ǹ bá jẹun" lẹ fẹ́ sọ. Àwa ni hablaríamos, àwọn ni hablarían, àmì orí í yẹn ò sì gbọdọ̀ sọnù láéláé.

Ẹ wo eléyìí náà: Si tuviera dinero, viajaría a Cuba, ká ní mo lówó ni, ǹ bá lọ sí Cuba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "si tendría" dípò "si tuviera" (ká ní mo ní), apá kejì gbólóhùn náà ni -ía yẹn ń gbé, kì í ṣe apá tí "si" wà.