Ewé pákí tó rọ bíi pé wọ́n da omi gbígbóná sí i: ẹ má tíì ra oògùn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná. Ẹ ní ewé pákí yín ń rọ, orí ẹ̀ ń kú, ṣé kẹ́ẹ fín oògùn kòkòrò ni àbí kẹ́ẹ da fàtiláísà sí i. Èmi ṣe méjèèjì nígbà tó kàn mí, owó mi kàn wọgbó ni.

Ẹ já ewé kan, ẹ nà án sókè síbi oòrùn. Tẹ́ẹ bá rí àmì kéékèèké bíi ibi tí epo kán sí lórí pépà, tó nígun, tí kì í ṣe róbótó, tí oje sì ń sun lára igi ẹ̀, àrùn pákí tí wọ́n ń pè ní blight nìyẹn, bakitéríà ló ń fà á, oògùn kòkòrò ò lè rí i pa. Tó bá jẹ́ pé ewé ló ká kò tó pọ́n yẹ́lòyẹ́lò, àrùn mósáíìkì nìyẹn, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Inú igi tí mo gbìn ni tèmi ti wá. Ẹnì kan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ara igi ń dán, inú mi dùn, éékà 2 ni mo fi gbìn, mi ò mọ̀ pé àrùn yìí máa ń sá pamọ́ tí ò bá sí òjò. Bí òjò ṣe rọ̀ dáadáa báyìí, gbogbo ẹ̀ dúró gbagidi láìléwé bí àbẹ́là. Àdá táa fi gé ibi tó ń ṣàìsàn náà la tún gbé wọ ibi tó dáa, àwa fúnra wa la pín in kárí oko (ẹ bá mi kí ọgbọ́n mi).

Ní báyìí, inú òjò ni mo ti máa ń so aṣọ pupa mọ́ èyí tára ẹ̀ le, torí ìgbà yẹn ni irọ́ ò sí, tó bá wá di ìgbà gbígbìn, ìdí ẹ̀ tó ti gbó ni mo ń gé, mi kì í gé ibi tó rọ̀ lórí ẹ̀. Mo ń fi háípò nu àdá. Èyí tó bá ti bàjẹ́, ẹ hú u kẹ́ẹ sun ún, ẹ má jù ú sétí oko, ẹ má sì wọ oko nígbà tí ewé bá ṣì tutù. Àgbàdo ni mo gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Irú pákí tí wọ́n ń pè ní TMS 30572, ti IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, ni mò ń gbìn báyìí, àrùn yìí máa ń mú òun náà díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kì í pa á run.

Èyí tó bá ti gbó tó lóko yín, ẹ hú u fi ṣe gàrí, kò ní ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Igi ẹ̀ ni kẹ́ẹ má fún ẹnikẹ́ni o, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó.