Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kọkàndínlógójì ti Amẹ́ríkà: ọjọ́ wo ni kí ọmọ mi kọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Houston là ń gbé. Wọ́n fún ọmọ mi obìnrin níṣẹ́ àṣetiléwá pé kó kọ̀wé lórí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kọkàndínlógójì, ìyẹn àwọn aṣòfin tó jókòó lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ìwé kan ní oṣù Kẹta 1865 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, òmíràn ní oṣù Kejìlá ni. A tún rí 1866 níbì kan fún àtúnṣe kẹrìnlá sí òfin ìpìlẹ̀ wọn, a rí 1868 níbòmíràn. Èwo ni kó kọ? Níbo la sì ti lè ka ohun tí àwọn aṣòfin náà fẹnu ara wọn sọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àbójútó ọmọ, mà. Ọjọ́ méjèèjì tẹ́ ẹ rí fún ìbẹ̀rẹ̀ ló tọ̀nà. Kí ọmọ yín kọ méjèèjì, kó sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Sáà wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1865, ó sì parí ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1867. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1865 ni wọ́n tó jókòó láti ṣòfin. Bí ètò wọn ṣe rí láyé ìgbà yẹn nìyẹn: sáà á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, àwọn aṣòfin á wà nílé wọn títí di oṣù Kejìlá, àfi bí Ààrẹ bá ké sí wọn ṣáájú. Ọdún 1933 ni wọ́n tó yí òfin ìpìlẹ̀ padà tí sáà fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní.

Oṣù mẹ́sàn-án tó wà láàárín yẹn ni mo máa ń ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tẹjú mọ́. Inú rẹ̀ ni gbogbo ìjà tó wáyé lẹ́yìn náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, Ọ̀gágun Robert E. Lee, olórí ogun àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba, túúbá. Ní ọjọ́ 14, wọ́n yìnbọn lu Ààrẹ Lincoln, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. Andrew Johnson, igbákejì rẹ̀, gorí àlééfà, kò sì pe Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì jọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kàrún, ó kéde ìdáríjì fún ọ̀pọ̀ jù lára àwọn tó bá ìjọba jagun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan gómìnà fún àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù pé kí wọ́n dìbò, kí wọ́n ṣètò ìjọba tuntun. Láàárín oṣù wọ̀nyí kan náà ni ìkéde òmìnira àwọn ẹrú dé Galveston, nítòsí yín níbẹ̀, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà, ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Juneteenth. Ó dájú pé ọmọ yín ti mọ ìyẹn. Kó fi sínú iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ni àwọn ìjọba tuntun náà wá ṣe? Ní Mississippi, kí ọdún 1865 tó parí, wọ́n ṣòfin pé lóṣù Kìíní ọdọọdún, aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ ní ìwé tó fi hàn pé ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí kò bá ní in, wọ́n lè mú un gẹ́gẹ́ bí alárìnkiri, kí wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Bí kò bá rówó san, wọ́n á fi í ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá bá a san án. Wọ́n tún kà á léèwọ̀ fún un láti háyà ilẹ̀ oko lẹ́yìn odi ìlú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ni wọ́n ń ṣe báyìí fún o! Ó máa ń dùn mí bí ìwé ilé ẹ̀kọ́ bá fi gbólóhùn kan ṣoṣo kọjá lórí rẹ̀.

Nígbà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì wá jókòó lóṣù Kejìlá, àwọn aṣojú tí Gúúsù yàn ti dé, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ aṣáájú nínú ọ̀tẹ̀ náà. Edward McPherson, akọ̀wé Ilé Aṣojú-ṣòfin, ló ń pe orúkọ. Ó fo gbogbo orúkọ àwọn ará Gúúsù. Horace Maynard ti Tennessee, ẹni tí kò fìgbà kan fara mọ́ ọ̀tẹ̀, fẹ́ sọ̀rọ̀, akọ̀wé ò gbà fún un. Òfin ìpìlẹ̀ ni wọ́n fara tì: ilé kọ̀ọ̀kan ló láṣẹ láti pinnu ẹni tó yẹ kó jókòó níbẹ̀. Wọ́n wá gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 15 kalẹ̀ látinú ilé méjèèjì láti wádìí bí Gúúsù ṣe rí. Sẹ́nétọ̀ William Pitt Fessenden ti Maine ni alága.

Nípa àtúnṣe kẹrìnlá, báyìí ni kó ṣe kọ ọ́: Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 1866, Ilé Aṣojú-ṣòfin ní ọjọ́ 13, ṣùgbọ́n ọjọ́ 9 oṣù Keje 1868 ni iye ìpínlẹ̀ tó fọwọ́ sí i pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kọkàndínlógójì ló dá a lábàá; ìgbà tó di òfin, sáà wọn ti parí. Texas wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́.

Ṣáájú rẹ̀, wọ́n ti ṣe òfin ẹ̀tọ́ aráàlú, tó sọ pé ẹni tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà, aláwọ̀ yòówù kó jẹ́. (Wọ́n yọ àwọn onílẹ̀ ìbílẹ̀ tí kì í san owó orí sílẹ̀.) Johnson kọ̀ ọ́, wọ́n sì fi ìbò borí rẹ̀ lóṣù Kẹrin 1866: 33 sí 15 nílé àgbà, 122 sí 41 nílé kejì. Ẹ̀rù wá ń bà wọ́n pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì mìíràn lè fagi lé òfin lásán, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi àtúnṣe kẹrìnlá gbé kókó rẹ̀ sínú òfin ìpìlẹ̀.

Kó má ka àtúnṣe kẹtàlá, tó fòpin sí ẹrú, mọ́ wọn lọ́wọ́. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tó ṣáájú wọn ló ṣe é, ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 1865.

Kí sáà wọn tó parí, wọ́n ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Ní oṣù Kìíní 1867 wọ́n ṣòfin pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tó ń bọ̀ á jókòó lọ́jọ́ tí sáà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ gan-an. Wọn ò tún ní fi oṣù mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún Johnson mọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, wọ́n pín ìpínlẹ̀ mẹ́wàá ní Gúúsù sí ẹkùn ológun márùn-ún. Texas àti Louisiana ni ẹkùn karùn-ún.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wà nínú Congressional Globe, ìwé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin sí nígbà náà, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Library of Congress. Ẹ má wá a nínú Congressional Record, torí 1873 nìyẹn bẹ̀rẹ̀. Kó ka ọ̀rọ̀ tí Thaddeus Stevens, aṣojú láti Pennsylvania, sọ lórí àtúnṣe kẹrìnlá ní ọjọ́ 8 oṣù Kàrún 1866, kó sì fi ìwé tí Johnson fi sọ pé òun ò fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta tì í. Bí àyè bá ṣì wà, kó wo ìròyìn ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 15 náà: Lee jẹ́rìí níbẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú láti Virginia náà jẹ́rìí. Tó bá ń tọ́ka sí Globe, kó kọ ìjókòó kìíní tàbí ìkejì mọ́ ọn, torí nọ́ńbà ojú ìwé máa ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan.