Ṣé “ìmọ̀ líle” ni ìmàle, àbí Mali ló ti wá?

Ìbéèrè náà lọ báyìí: “Àlùfáà àdúgbò wa ní ká má pe Mùsùlùmí ní ìmàle mọ́. Ó ní ‘ìmọ̀ líle’ ni ọ̀rọ̀ náà, pé àwọn tó kórìíra ẹ̀sìn ló fi ń bú wa pé ipá la fi ń múni ṣe é. Bàbá mi àgbà gbà pé ìmọ̀ líle ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní oríyìn ni, pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí kì í yéni bọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Tíṣà ìtàn wa ní kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú méjèèjì, pé ilẹ̀ Mali ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ta ni ká gbà gbọ́?”

Ọ̀dọ̀ tíṣà yín ni mo wà, kì í sì í ṣe torí pé ó jẹ́ tíṣà. Àlàyé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan ṣoṣo ni ti àlùfáà àti ti bàbá yín àgbà gbára lé, ìyẹn ni pé ìró ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra.

Ìró tó jọra ló sì máa ń tàn wá jẹ jù lédè wa. Sílébù Yorùbá kì í ṣàìní ìtumọ̀. Ẹ mú èyíkéyìí, lù, bọ́, sá, mọ̀, le, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tó fi rọrùn láti tú orúkọ yòówù palẹ̀ kí ìtàn sì jáde nínú rẹ̀. Bí mo bá fẹ́, mo lè ní àlùbọ́sà jẹ́ “a lù ú, ó bọ́, ó sá,” kí n sì dá ìtàn olè kan lé e lórí. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, torí ẹ mọ̀ pé al-basal ni Lárúbáwá ń pè é, tí Haúsá sọ ọ́ di albasa, kó tó dé inú ọbẹ̀ tiwa. Pé ọ̀rọ̀ kan ṣeé tú sí Yorùbá kì í ṣe ẹ̀rí pé Yorùbá ló bí i. A gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rí mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ìró náà wò fínnífínní, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun ni wọ́n gbára lé. Nínú ìmọ̀ líle, ibo ni “lí” gbà lọ? Èdè wa máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú lóòótọ́, àmọ́ ó ní bó ṣe máa ń gé e. Egúngún di eégún, òtítọ́ di òótọ́. Kọ́ńsónáǹtì ló lọ. Ohùn òkè tó wà lórí sílébù náà dúró sẹ́nu. Bí ìmọ̀ líle bá gba ọ̀nà kan náà, nǹkan bí “ìmọ̀ọ́le” ló yẹ ká máa gbọ́. Kò sí ohùn òkè kankan nínú ìmàle. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni, ohùn àárín kan sì tẹ̀ lé e.

Ẹnìkan lè ní mọ̀ ló di mà, pé kí ló burú níbẹ̀. Ìyẹn ṣeé ṣe, n kò ní jiyàn. Ará Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó tó ń pe ọmọ ní ọma kò ní ṣòro fún láti sọ mọ̀ di mà. Àmọ́ Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ńkọ́? Ọmọ ni ọmọ lẹ́nu wọn, ìmọ̀ ni ìmọ̀, síbẹ̀ ìmàle ni wọ́n ń wí. Àfi ká sọ pé ọ̀dọ̀ Ìjẹ̀bú ni Ìsìláàmù ti gòkè lọ sí Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ ìtàn gbogbo ló fẹnu kò pé láti apá àríwá ló ti sọ̀ kalẹ̀ wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni ọ̀rọ̀ ọdún. Àwọn tó ní èébú ni ìmàle sábà máa ń so ó mọ́ ogun jíhàádì: Usman dan Fodio, àlùfáà Fúlàní tó dá ìjọba Sokoto sílẹ̀, gbé àsíá rẹ̀ dìde ní ọdún 1804, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá, olórí ogun Ọ̀yọ́, àti Ṣéù Àlímì, àlùfáà Fúlàní, bẹ́ sílẹ̀ ní Ìlọrin, tí ìlú náà sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́sìn. Wọ́n ní nígbà yẹn ni àwọn èèyàn rí ipá, tí wọ́n sì sọ ẹ̀sìn náà lórúkọ. Ìtàn tó já gaara ni, ọjọ́ orí ọ̀rọ̀ náà ni kò bá a mu. Ní ọdún 1727, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó jẹ́ ará Gẹ̀ẹ́sì, William Snelgrave, lọ kí Agaja, ọba Dàhòmì, ní Allada. Ó bá àwọn àlejò kan níbẹ̀ tí wọ́n mọ̀wé kọ, orúkọ tó sì gbọ́ tí wọ́n ń pè wọ́n ni ohun tó kọ sílẹ̀ bíi “Malaye” nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1734. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìwé tirẹ̀, àlùfáà ará Faransé kan, Labat, ti tẹ ìwé tó pe irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ tó wá sí Ouidah, ìlú etíkun, ní “Malais.” (Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yìí, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ á rò pé ará Malay ti ilẹ̀ Éṣíà ni.) Títí dòní, malɛ ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú orúkọ tí àwọn Fọ̀n, ìyẹn àwọn ará Dàhòmì, ń pe Mùsùlùmí. Èyí túmọ̀ sí pé ó lé ní àádọ́rin ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu ará ilẹ̀ etíkun kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa jíhàádì Sokoto. Orúkọ kò lè ti inú ogun tí wọn kò tíì jà jáde.

Àwọn kan máa ń mú ìdìtẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bahia, ní Brazil, ní oṣù January ọdún 1835, wá fi ṣe ẹ̀rí, torí “Malê” ni wọ́n ń pe àwọn tó dìtẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ Yorùbá. Ẹ̀rí tó wúlò ni tí a bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn jìnnà tó. Kò ràn wá lọ́wọ́ nípa ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí 1835 ti kọjá ìgbà tí ọ̀rọ̀ Ìlọrin bẹ̀rẹ̀. Èmi kì í lò ó níbi tí Snelgrave bá wà.

Kí ó tó di pé ẹ ní mo ti borí, ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rí Dàhòmì yìí kò tíì sọ pé Mali ni. Ohun tó ṣe ni pé ó lé àlàyé ti ogun jíhàádì kúrò. Bàbá yín àgbà tó ní oríyìn ni lè jókòó tì í, kó ní ìmọ̀ líle ti wà kí 1727 tó dé. Ìṣòro ti bàbá ni ti ìró tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, òmíràn sì tún wà: ta ló máa ń sọ ẹlẹ́sìn tuntun lórúkọ? Lọ́pọ̀ ìgbà, aládùúgbò ni, kì í sì í wo ìjìnlẹ̀ ìmọ̀ inú ẹ̀sìn náà kó tó pè é lórúkọ. Ibi tí àlejò ti wá ló máa ń wò. Ẹ wo Àgùdà. Àwọn tó darí láti Brazil sí Èkó àti Ouidah ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, Kátólíìkì sì lọ̀pọ̀ wọn, ni orúkọ àwọn èèyàn bá di orúkọ ìjọ. Lónìí, ọmọ Èkìtì tí baba ńlá rẹ̀ kò fojú kan òkun rí ń lọ sí Ìjọ Àgùdà. Lòdì sí ìyẹn, orúkọ bí Ìgbàgbọ́, tó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlẹ́sìn, inú ìjọ fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde. Ìmàle kò jọ orúkọ tí àwọn ẹlẹ́sìn fún ara wọn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ló dé tí àwọn gan-an kò fẹ́ ẹ?

Ní báyìí, ṣé Mali lè dé ọ̀dọ̀ wa? Ọ̀nà jìn. Ilẹ̀ ọba Mali kò bá ilẹ̀ Yorùbá pààlà rí. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò rẹ̀, tí Haúsá ń pè ní Wangarawa, kì í dúró sílé. Ìwé ìtàn àwọn ọba Kánò sọ pé àwọn ni wọ́n gbé Ìsìláàmù wọ ìlú náà nígbà ọba Yaji, tó jọba láti 1349 sí 1385. Wọ́n tẹ̀dó káàkiri ọ̀nà òwò, títí kan ilẹ̀ Bàrìbá tó wà lẹ́yìnkùlé Ọ̀yọ́ Ilé. Òkìkí Mali nígbà náà kì í ṣe kékeré: Mansa Musa, ọba ibẹ̀, lọ sí Mẹ́kà ní 1324, ó sì ná wúrà débi pé lórí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà ní erékùṣù Majorca ní 1375, wọ́n fi í jókòó lórí ìtẹ́, góòlù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kọ “Musse Melly” sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1615, Ahmad Baba, ọ̀mọ̀wé Timbuktu, dárúkọ Yorùbá nínú èsì tó kọ nípa ẹni tó tọ́ àti ẹni tí kò tọ́ láti kó lẹ́rú. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà yẹn mọ̀ wá, àwa náà sì mọ̀ wọ́n.

Ohun tó sì mú mi lọ́kàn jù ni àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn mìíràn tó wà lẹ́nu wa. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ Haúsá nìkan la ti gba Ìsìláàmù, málàmù ni à bá máa pe àlùfáà. Àlùfáà la ń wí, àwọn Songhay tó jókòó sí Timbuktu àti Gao sì ni wọ́n ń pè é ní alfa. Ọjọ́ Ajé, Litinin ni Haúsá ń pè é. Àtìní ni ti àwọn àgbà wa, Songhay sì ń wí atinni. Sàárà tí à ń ṣe, sadaka ni lẹ́nu Haúsá. Lẹ́nu àwọn Bambara, tí èdè wọn bá èdè ilẹ̀ Mali àtijọ́ tan, saraka ni. Ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù lédè wa ní ìpele méjì: èyí tó tọ ipadò Ọya bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn nígbà láéláé, àti èyí tí Haúsá mú wá lẹ́yìn náà, bíi Mùsùlùmí fúnra rẹ̀. Ìmàle bá ìpele àkọ́kọ́ dọ́gba láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi tipátipá tì í wọlé. Ìmọ̀ líle ò bá ìkankan tan.

Àlàyé Mali náà ní ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Kí ló dé tí kò jẹ́ “ìmàlì,” nígbà tí a ní fáwẹ̀lì “i”? Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà ti gba ẹnu àwọn ẹlòmíràn kọjá kó tó kàn wá, torí lẹ́nu Fọ̀n pàápàá fáwẹ̀lì yẹn kò dúró lójú kan. Ìdáhùn tó mọ́gbọ́n wá ni, ẹ̀rí kọ́. Ti “ì” tó wà níwájú kò yọ mí lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá gidi kì í fẹ́ fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan tún lè ní ṣé kì í ṣe mu'allim ti Lárúbáwá, olùkọ́, ló di màle? Kò burú, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ti gba ibòmíràn wá sọ́dọ̀ wa, òun náà ni málàmù. Ní ti àwọn tó ń fà á mọ́ irúnmọlẹ̀, “le” kọ́ ni “lẹ̀.” Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ èébú tí àlùfáà yín sọ. Orísun ọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń lò ó lónìí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nínú “Ayé la bá Ifá, ayé la bá ìmàle, ọ̀sán gangan ni ìgbàgbọ́ wọlé dé,” kò sí èébú níbẹ̀. Àgbà ni wọ́n fi ìmàle ṣe. Síbẹ̀, àwọn kan ti fi ohùn ẹ̀gàn pè é fún ọjọ́ pípẹ́, ẹni tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti ní òun ò fẹ́. Àlùfáà yín jàre níbẹ̀, kò nílò ìmọ̀ líle láti gbè é lẹ́sẹ̀. Kó kàn ní Mùsùlùmí ni kí wọ́n máa pe òun, ó tán. Bàbá yín àgbà náà, bó bá ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìmàle, tí wọ́n sì ń dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, n kò rí ẹni tó máa bá a wí.

Bó bá wá di pé wọ́n rí ìwé tó ti pẹ́ ju ti Snelgrave lọ, yálà ti Lárúbáwá tàbí ti Potogí, tí ó kọ orúkọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú “lí” àti ohùn òkè rẹ̀, màá padà wá gba bàbá gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Títí dìgbà yẹn, Mali ni mo mú.