Rédíò Tó Ń Mu Bátìrì Lóru: Ìbéèrè Yín Lórí Iná Mọ́tò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Hilux dísẹ́ẹ̀lì ni mo ń wà, òun ni mo fi ń kó ọjà láti Ìdúmọ̀tà lọ sí Ìkòròdú. Lóṣù tó kọjá mo ra rédíò Android tuntun, réwáyà kan ládùúgbò wa ló bá mi gbé e sí i. Orin ń dún dáadáa. Àmọ́ tí mo bá ti páàkì lálẹ́ Sátidé, tó bá fi máa di àárọ̀ Mọ́ńdè kò ní sítáàtì, àfi ká jọ́ǹpù ẹ̀. Mo ti ra bátìrì tuntun, ibì kan náà la ṣì wà. Réwáyà yẹn ní alternator ni, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń rọ iná sínú bátìrì, ẹ jọ̀ọ́ ṣé kí n rà á? — Oní-Hilux, Ìsàlẹ̀ Èkó

Àbúrò mi, ẹ kú ìnáwó bátìrì o. Ẹ má tíì ra alternator kankan. Tó bá jẹ́ òun ló kú, iná bátìrì á ti máa tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀sán gangan ni mọ́tò sì máa dá yín dúró lórí Third Mainland, kò ní dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá sùn. Ẹ ní kí wọ́n fi mítà wọn bátìrì náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tó bá wà láàárín fóòtì 13.8 sí 14.4, ó ṣòro kí ẹ̀bi jẹ́ ti alternator yín. Ibi témi fura sí ni wáyà méjì tó wà lẹ́yìn rédíò yẹn, yẹ́lò àti pupa.

Wáyà yẹ́lò, tààrà láti bátìrì ló ti ń gba iná, tọ̀sán-tòru, torí òun ló ń bá rédíò rántí aago àti àwọn ìkànnì tẹ́ ẹ ti fi pamọ́, ohun tó sì ń mu lóru ò tó nǹkan. Pupa ní tiẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ló yẹ kó máa jí i, tẹ́ ẹ bá yí i sí ACC, ibi tí kọ́kọ́rọ́ máa ń dé kí ẹ́ńjìnnì tó sítáàtì, iná á dé, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ iná á lọ, ibẹ̀ ni rédíò ti ń mọ̀ pé ẹni tó ń wà á ti sọ̀kalẹ̀. Dúdú ń lọ sí ara irin mọ́tò, òun là ń pè ní earth. Ṣùgbọ́n réwáyà tó bá ń kánjú, tí ò tètè rí iná ACC, á kàn lọ́ yẹ́lò àti pupa pọ̀ mọ́ wáyà kan ṣoṣo, á fi téèpù dúdú wé e, orin á dún, ẹ ó sanwó, ẹ ó sì máa lọ. Láti ọjọ́ yẹn rédíò yín ò tíì sùn. Ojú ẹ̀ lè ṣókùnkùn o, inú ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ká ní ampere kan péré ló ń mu, láti aago mẹ́jọ alẹ́ Sátidé sí mẹ́fà àárọ̀ Mọ́ńdè jẹ́ wákàtí 34, ó ti fa ampere-hour 34 nínú 75 tí bátìrì gbà nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó tó ìdajì, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń fẹ́ agbára kó tó jí. Bátìrì tuntun tẹ́ ẹ rà yẹn náà, ẹ̀mí ẹ̀ ń kúrú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ dán an wò fúnra yín, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi í sápò, kẹ́ ẹ wá tẹ bọ́tìnnì power. Tó bá tàn, pupa yín wà lórí iná tí kì í kú. (Ẹni tí tiẹ̀ ń gbàgbé aago àti ìkànnì ní gbogbo ìgbà tó bá pa mọ́tò, ibi tó yẹ kí pupa wà ni wọ́n so yẹ́lò ẹ̀ sí.) Kí wọ́n yọ rédíò, kí wọ́n tú ibi tí wọ́n lọ́ pọ̀ yẹn, kí wọ́n fi tester wá wáyà tó ń tàn ní ACC nìkan. Ó wà níbẹ̀, torí rédíò tó bá mọ́tò wá náà lò ó. Kí yẹ́lò ní fíúsì, 10 tàbí 15 bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rédíò, kí ẹnikẹ́ni má fi wáyà lásán rọ́pò ẹ̀ o, iná ló ń dá sílẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni gígé sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Múṣin, mo gé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá pickup oníbàárà wá dànù, mo rí i pé ìdajì àwọn wáyà sípíkà ní ìlà dúdú lára, mo rò pé earth ni gbogbo wọn, mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ mọ́ irin. Òórùn ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà èéfín tín-ín-rín kan láti ẹ̀yìn rédíò, kò sì dún mọ́. Ọ̀gá mi ló ra òmíràn san án fún oníbàárà, kò nà mí, ó ní kí n jókòó kí n tún wáyà yẹn so lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ ọ sórí: funfun ni sípíkà iwájú lápá òsì, eérú ni iwájú lápá ọ̀tún, àwọ̀ ewé ni ẹ̀yìn òsì, elésè àlùkò ni ẹ̀yìn ọ̀tún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìkejì ẹ̀ tó ní ìlà dúdú, ìkejì yẹn ò sì gbọ́dọ̀ fara kan irin mọ́tò láé. Wáyà kan wà tí wọ́n ń tà ní Aláàbà àti Ládípọ̀, ẹnu ẹ̀ kan ni sọ́kẹ́ẹ̀tì Toyota, ẹnu kejì lẹ máa so mọ́ ti rédíò tuntun, ẹ ò ní fọwọ́ kan wáyà mọ́tò rárá. Ẹ rà á kẹ́ ẹ tó pe réwáyà. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá rédíò àkọ́kọ́ padà, ẹ kàn máa tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ni.

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Pickup témi fi ń kó ata láti Mile 12, rédíò tòkunbọ̀ ni mo ní kí wọ́n fi sí i. Ó ń gbé Eko FM, ṣùgbọ́n kò gbé Bond FM, kò gbé Radio Lagos. Wọ́n ní kí n lọ pààrọ̀ eriá, irin tó ń gba ìkànnì. — Ìyá Aláta, Kẹ̀tú

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ẹ fi owó eriá yín pamọ́. Rédíò tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Japan láyé àtijọ́, 76 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parí sí 90. Eko FM wà ní 89.75, ìyẹn ló ṣe wọlé. Bond FM wà ní 92.9, Radio Lagos ní 107.5, rédíò yín ò lè débẹ̀ bó ti wù kí eriá ga tó. Ẹ ní kí ọmọ kan bá yín wo inú settings bóyá ó ní ibi tí wọ́n ti ń yan orílẹ̀-èdè, àwọn kan ní i, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa tán. Tí kò bá sí, ẹ gbé e padà. Àwọn kan á fẹ́ ta ohun kékeré kan fún yín tó ń fa ìkànnì òkè wá sísàlẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ nọ́ńbà tó máa hàn lójú rédíò ò ní bá ti ìkànnì mu, àwọn ìkànnì míì á sì máa gun ara wọn, èmi ò fẹ́ ẹ fún yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yí i títí dé 108 lójú yín.

Ẹ̀gbọ́n, rédíò tuntun mi ò kún ihò dáṣíbọ́ọ̀dù, àyè ṣẹ́ kù lọ́tùn-ún lósì, ó ń gbọ̀n. Ṣé ayédèrú ni? — Ọmọ Bàrígà

Rárá o. Ìwọ̀n rédíò ńlá tí à ń pè ní double DIN jẹ́ mílímítà 180 ní fífẹ̀, 100 ní gíga, ihò Toyota sì sábà máa ń fẹ̀ tó 200. Ẹ bèèrè fún rọ́bà tí wọ́n ń fi dí i, mílímítà 10 lápá kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n fi ìdè irin ẹ̀gbẹ́ rédíò àkọ́kọ́ de tuntun náà mọ́lẹ̀, torí rọ́bà nìkan ò lè gbà á dúró lójú ọ̀nà wa.